Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bọ́ńpà oníwíǹṣì tí a fọwọ́ ara ẹni ṣe

Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ lóṣù yìí ló dá lórí wíǹṣì, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tí a ń gbé síwájú ọkọ̀ kí ó lè fi okùn fa ọkọ̀ náà jáde nínú ẹrọ̀fọ̀, àti lórí bọ́ńpà, irin iwájú ọkọ̀ tí a ń gbé ẹ̀rọ náà lé. Mo kó wọn pọ̀ síbí, mo sì fi àyè tó pọ̀ jù lọ fún àkọ́kọ́, nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ jórinjórin ń ṣì ṣe gan-an ni ẹni tó kọ ọ́ béèrè.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làákàyè. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin ni mo fi ń kó kòkó jáde láti oko mi lẹ́yìn Ìdànrè, àmọ́ bí òjò bá ti dé, ẹrọ̀fọ̀ ojú ọ̀nà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ náà gun òkè padà. Àbúrò mi tó wà ní London fi wíǹṣì kan ránṣẹ́ sí mi, 9,500 pọ́n-ùn (ìwọ̀n ohun tó lè fà, kì í ṣe owó) ni wọ́n kọ sí i lára. Jórinjórin àdúgbò wa ní òun yóò jó irin pẹlẹbẹ onímìlímítà 3 mọ́ bọ́ńpà tó bá ọkọ̀ wá, òun yóò sì jó gbogbo rẹ̀ mọ́ ṣaṣí, ìyẹn egungun irin tó gbé ara ọkọ̀ dúró, kí ó má baà já. Ṣé kí n gbà fún un? Irin wo ló yẹ kí a lò, báwo ló sì ṣe yẹ kí ó nípọn tó? — Olóko Kòkó, Ìdànrè.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má gbà fún un. Bọ́ńpà tó bá Hilux yín wá kò ju irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ̀, àti ike tí wọ́n fi bò ó lójú. Wọ́n ṣe é kí ó lè gba ìkọlù kékeré ni, wọn kò ṣe é kí a fi fa ohunkóhun. Wíǹṣì 9,500 pọ́n-ùn, ní tirẹ̀, lè fa ohun tó tó kìlò 4,309, èyí tó ju tọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ. Agbára yẹn kì í dúró sínú wíǹṣì. Láti ara wíǹṣì, yóò bọ́ sí àwo irin tí wọ́n gbé e lé. Láti ara àwo, yóò bọ́ sí apá irin méjì tó di àwo náà mú lọ́tùn-ún àti lósì. Láti ara apá, yóò bọ́ sí àwọn bóòtù, kí ó tó wá dé ṣaṣí tó gbé ọkọ̀ tó rì náà dání. Ibi tó bá rọ jù lọ lójú ọ̀nà yìí ni yóò já, bó ti wù kí àwọn ibi yòókù nípọn tó. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè bí ojú bọ́ńpà yóò ṣe nípọn tó, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà tí agbára yóò gbà dé ṣaṣí. Aṣọ ni ojú bọ́ńpà. Àwo àti apá rẹ̀ méjèèjì ni egungun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bóyá wíǹṣì náà tó ọkọ̀ yín. Ìlànà tí àwọn tó ń ṣe wíǹṣì fi lélẹ̀ ni pé kí agbára rẹ̀ tó ìwọ̀n ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀ lọ́nà kan àbọ̀, ó kéré tán. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ àpapọ̀ ìwọ̀n tí ọkọ̀ náà àti ẹrù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá sí. Bó bá jẹ́ kìlò 2,800, ìlọ́po kan àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,200, wíǹṣì yín sì kàn ju ìyẹn lọ díẹ̀ ni. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ìpele okùn tó kángun sí ara àgbá tí okùn ń wé mọ́ ni iye tí wọ́n kọ sára wíǹṣì wà fún. Ìpele kọ̀ọ̀kan tó bá tún wé lé e lórí máa ń dín agbára náà kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá so okùn mọ́ igi tó wà nítòsí, tí okùn tó pọ̀ ṣì wà lórí àgbá, kò tíì rí gbogbo ohun tí wíǹṣì rẹ̀ lè ṣe. Ẹ wá igi tó jìnnà, tàbí kí ẹ fi púlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gbà kọjá, kọ́ ara igi, kí okùn gba inú púlì náà padà wá sí iwájú ọkọ̀ yín. Púlì yóò sọ agbára di ìlọ́po méjì, ìrìn ọkọ̀ yóò sì dín sí ìdajì. Àmọ́ iwájú ọkọ̀ yín ni ìlọ́po méjì yẹn yóò máa fà o: ìdajì ní ara àwo wíǹṣì, ìdajì ní ibi tí ẹ bá so ẹnu okùn mọ́. Ẹni tó ṣe àwo rẹ̀ dáadáa, tó wá so ẹnu okùn mọ́ òrùka tí wọ́n kàn jó mọ́ ojú bọ́ńpà, ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ní ti àwo náà, kí ó má kéré sí mìlímítà 6 ní nínípọn, kí ó sì jẹ́ odindi irin kan tó lọ láti apá òsì ṣaṣí dé apá ọ̀tún. Kí wọ́n tẹ etí rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn kí ó lè le, tàbí kí wọ́n jó irin onígun mọ́ etí méjèèjì. Nǹkan kan wà tí ojú kì í tètè rí níbí. Ara wíǹṣì pín sọ́nà mẹ́ta, mọ́tò wà lápá kan, jíà wà lápá kejì, àgbá wà láàrin wọn. Bí àwo tó wà lábẹ́ wọn bá lọ́, apá méjèèjì kò ní wà lójú kan náà mọ́, àgbá yóò wá máa ha wọ́n, mọ́tò yóò sì máa gbóná láìnídìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti tìtorí èyí sọ wíǹṣì tó dára nù. Ẹ fi irin gígùn tó tọ́ sórí àwo náà lẹ́yìn tí wọ́n bá jó o tán; bí ìmọ́lẹ̀ bá gba abẹ́ rẹ̀ yọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kí wíǹṣì tó gun orí rẹ̀.

Ihò mẹ́rin ni wíǹṣì tó wà láàrin 8,000 àti 12,000 pọ́n-ùn sábà máa ń béèrè, mìlímítà 254 láti òsì sí ọ̀tún, mìlímítà 114.3 láti iwájú sí ẹ̀yìn. Síbẹ̀, ẹ gbé wíǹṣì tiyín gan-an sórí páálí, kí ẹ fi bírò sàmì sí àwọn ihò rẹ̀, nítorí pé ẹni tó lu ihò lórí àgbọ́sọ yóò tún un lù. Bóòtù tó bá wíǹṣì wá ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá máa ra òmíràn, ẹ wo orí rẹ̀ bóyá wọ́n kọ 8.8 sí i, nọ́ńbà tó ń fi bí bóòtù ṣe le tó hàn. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà kankan lórí, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Kí bóòtù wọ inú wíǹṣì tó, àmọ́ kí ó má gùn débi pé yóò kanlẹ̀ nínú ihò kí orí rẹ̀ tó fún, torí yóò dà bí ẹni pé ó ti le nígbà tí kò di nǹkan kan mú.

Apá méjèèjì ló ṣe pàtàkì jù. Irin onímìlímítà 10 ni kí ẹ fi ṣe wọ́n, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣaṣí, kí bóòtù onímìlímítà 12 tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú níbi mẹ́rin, ó kéré tán. Bóòtù irú èyí kan ṣoṣo lè gba nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin kí ó tó gé, ẹni tó bá sì gbọ́ bẹ́ẹ̀ lè sọ pé kí ni mẹ́rin wà fún. Ohun tí mẹ́rin wà fún ni pé okùn kì í fà lọ́gbọọgba nínú oko: igi máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, apá kan ṣaṣí yóò sì gba púpọ̀ nínú ẹrù náà, nígbà mìíràn pẹ̀lú fífà lójijì. Ṣaṣí yín ṣófo nínú. Bí ẹ bá kàn lu ihò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tí ẹ fi sípánà fún bóòtù, ògiri rẹ̀ yóò wọnú, bóòtù náà kò sì ní fún mọ́ láé. Ẹ gé páìpù tó nípọn tí gígùn rẹ̀ bá fífẹ̀ inú ṣaṣí mu rẹ́gí, kí ẹ fi sí inú rẹ̀, kí bóòtù gba àárín páìpù náà kọjá. Ẹ lo ihò tí ilé iṣẹ́ ti lù síbẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí ẹ má sì lu ihò sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ ṣaṣí, ẹ̀gbẹ́ nìkan ni.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ jíjó o mọ́ ṣaṣí. Jórinjórin yín rò pé yóò le ju bóòtù lọ ni, ṣùgbọ́n iná tó bá jó irin fẹ́lẹ́ báyẹn máa ń yí ìṣesí irin náà padà ní ẹ̀bá ibi tí wọ́n jó, ẹ̀bá yẹn náà ni ó sì ti máa ń sán lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n lójú ọ̀nà búburú. Bí ọkọ̀ bá tún forí sọ nǹkan, bọ́ńpà oníbóòtù ṣeé tú kúrò, èyí tí a jó mọ́ ọn yóò ba ṣaṣí jẹ́. Ìdí kẹta wà tó kan ẹ̀mí: iwájú ṣaṣí àwọn ọkọ̀ òde òní ni wọ́n ṣe kí ó lè wó díẹ̀díẹ̀ nígbà ìjàǹbá, bí ó sì ṣe ń wó ni éábáàgì, àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo awakọ̀, fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí òun bẹ́. Ilé iṣẹ́ ARB ní Australia, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ohun èlò ọkọ̀ 4x4 láti ọdún 1975, ń ṣe bọ́ńpà tí a ti gbé éábáàgì rò nínú ìṣe rẹ̀. Àwa tó ń ṣe tiwa ní ìsọ̀ jórinjórin kò ní ohun tí a fi lè dán irú rẹ̀ wò. Bí Hilux yín bá ní éábáàgì, ẹ má fi irin kún ẹ̀yìn apá bọ́ńpà kọjá ibi tó pọn dandan, ẹ má sì fọwọ́ kan àwọn ohun tó ń sọ fún éábáàgì pé ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ jíjó fúnra rẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí wọ́n fi páálí gé àpẹẹrẹ gbogbo rẹ̀ ní ara ọkọ̀, kí wọ́n fi irin gé e, kí wọ́n fi bóòtù de apá méjèèjì mọ́ ṣaṣí, kí wọ́n wá jó àwo mọ́ wọn ní ṣókíṣókí kí ó kàn lè dì mú. Kí wọ́n tó tanná ní ara ọkọ̀, ẹ tú orí bátìrì méjèèjì kúrò, kí wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ ìjórin sì wà ní ẹ̀bá ibi tí wọ́n ń jó gan-an, torí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò gba irú iná bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú u sílẹ̀, kí wọ́n lọ jó o parí lórí ilẹ̀. Ibi tí irin onímìlímítà 10 bá ti pàdé àwo, kí wọ́n fi gíráńdà gé etí rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí iná lè wọ inú, kí wọ́n ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò títí irin yóò fi máa dán, kí wọ́n sì máa jó apá ọ̀tún díẹ̀, apá òsì díẹ̀, kí àwo má baà ká. Ẹlẹ́kítíróòdù, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó irin, èyí tí wọ́n ń pè ní 6013 ló wọ́pọ̀ lọ́jà. 7018 dára jù ú lọ fún apá àti àwo, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin kò gbọ́dọ̀ kàn án. Èyí tó bá ti wà ní ṣíṣí nínú páálí láti ìgbà òjò kò wúlò fún iṣẹ́ yìí àyàfi bí wọ́n bá tún un yan gbẹ. Fún irin tó nípọn báyìí, ọ̀pá géèjì 10 ni kí wọ́n lò; géèjì 12 tín-ínrín jù, torí bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe pọ̀ sí ni ọ̀pá ṣe ń tín-ínrín sí.

Bí ẹ kò bá mọ bí ọwọ́ jórinjórin náà ṣe mọ́ tó, ohun kan wà tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò lè bí i nínú bó bá mọ iṣẹ́. Kí ó mú àjẹkù irin onímìlímítà 6 méjì, kí ó gbé ọ̀kan dúró lórí ìkejì, kí ó jó o ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bó bá tutù, kí ó fi fáìsì di ìsàlẹ̀ mú, kí ó wá fi òòlù ńlá lu èyí tó dúró síhà ibi tí ó jó títí yóò fi tẹ̀ tàbí já. Bó bá já, tí ẹ sì rí i pé etí irin náà ṣì mú bí wọ́n ṣe gé e, tí iná kò yọ́ ọ rárá, ó kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ni. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè bá yín ṣe géètì, kò gbọ́dọ̀ bá yín ṣe bọ́ńpà oníwíǹṣì.

Ẹ ṣọ́ra fún irin àlòkù. Mo mọ̀ pé àwọn jórinjórin fẹ́ràn láti gé sípíríǹgì ọkọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ pẹlẹbẹ, nítorí pé ó le. Líle yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ó gba jíjó: yóò sán ní ẹ̀bá ibi tí iná dé, nígbà mìíràn kí ó tó tutù pàápàá. Páìpù omi tí wọ́n fi síńkì bò náà kò dára fún ọ̀pá iwájú, àyàfi bí wọ́n bá fi gíráńdà ha síńkì náà kúrò pátápátá, torí èéfín rẹ̀ máa ń dá ibà sí jórinjórin lára.

Ojú bọ́ńpà kò nílò ju irin onímìlímítà 4. Mítà kan níbùú lóròó irin onímìlímítà 5 wọn kìlò 39, ti onímìlímítà 6 wọn 47, wíǹṣì olókùn irin sì lè tó nǹkan bíi kìlò 40 fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀, iwájú ọkọ̀ yín ló rù ú, ní ibi tó ṣíwájú táyà pàápàá. Sípíríǹgì iwájú yóò sì rọlẹ̀ bí ẹ kò bá pààrọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n gé igun méjèèjì bọ́ńpà sókè kí ó má baà gún ilẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gun òkè, kí wọ́n sì fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè dé rédíétọ̀. Ní ti ibi tí ẹ ó máa so okùn mọ́, kí ó jẹ́ irin tó nípọn tó mìlímítà 20 sí 25, kí ó gba ojú bọ́ńpà kọjá, kí wọ́n jó o mọ́ apá tó wà lẹ́yìn, kí ihò rẹ̀ sì gba ọ̀pá ṣákù (òrùka irin ẹlẹ́nu ṣíṣí tí ọ̀pá ń dé lẹ́nu) tọ́ọ̀nù 4.75, ọ̀pá náà sì jẹ́ mìlímítà 22.

Ìbéèrè: Mo kí yín o. Wọ́n ti bá mi ṣe bọ́ńpà àti wíǹṣì sí Land Cruiser mi, iṣẹ́ náà sì lẹ́wà lójú. Àmọ́ bí a bá ti ń fa nǹkan, iná iwájú ọkọ̀ á ṣókùnkùn, okùn á máa rọra bọ̀, wáyà tó lọ sídìí wíǹṣì á sì gbóná débi pé ọwọ́ kò ní lè kàn án. Ẹni tó tà á fún mi ní mọ́tò rẹ̀ ti ń kú lọ. Ṣé òótọ́ ni? — Arìnrìn-àjò, Ìséyìn.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra mọ́tò. Wáyà tó gbóná ti fi ẹni tó ṣẹ̀ hàn. Wíǹṣì oníná fóòtì (volt) 12 tó ń fa ẹrù tó wúwo máa ń gba nǹkan bí áḿpíà 400 láti inú bátìrì, kò sì sí ohun mìíràn nínú ọkọ̀ yín tó ń gba tó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú púpọ̀ léraléra. Bí wọ́n bá fi wáyà bàbà 10 mm² so ó, tí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́rin, fóòtì 2.75 nínú 12 yẹn ni yóò ṣòfò sójú ọ̀nà, ju wáàtì 1,000 lọ ni yóò sì di ooru nínú wáyà náà. Bó bá jẹ́ 35 mm², ohun tí yóò ṣòfò kò ju 0.8 lọ, 50 mm² sì tún dára jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo ibi tí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ parí sí. Bí wọ́n bá kàn fi bóòtù dè é mọ́ bọ́ńpà, ọ̀dà tuntun tí wọ́n fi kun bọ́ńpà náà ti dí iná lọ́nà. Kí ó padà lọ tààrà sí orí bátìrì. Ní ojú ọ̀nà èyí tó gbé iná wá, kí wọ́n fi ohun ìpaná ńlá kan sí i tí ẹ lè fi ọwọ́ yí, kí wáyà yẹn máa wà láìníná nígbà tí ẹ kò bá lò ó, nítorí pé bí irin bọ́ńpà bá gé ara wáyà náà lọ́jọ́ ìjàǹbá, iná ni yóò sọ. Ẹ̀rọ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fà, ṣùgbọ́n alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì, kò lè dá gbé áḿpíà 400. Bátìrì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ fa díẹ̀, kí ẹ dúró kí mọ́tò tutù kí bátìrì sì gba iná padà, kí ẹ tó tún fà.

Ìbéèrè: Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Houston ni mo ń gbé. Mo ní Jeep Cherokee ọdún 1999 tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń lọ sí ojú ọ̀nà oníyanrìn àti olókùúta. Mo ti kọ́ iṣẹ́ ìjórin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, mo sì fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe bọ́ńpà oníwíǹṣì. Wọ́n ní ọkọ̀ yìí kò ní ṣaṣí. Kí ni kí n wá so ó mọ́? — Ọmọ Alárè, Houston.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Cherokee tí wọ́n ṣe láti 1984 títí di 2001, èyí tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní XJ, kò ní ṣaṣí tó dá dúró: irin fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká tí wọ́n sì jó mọ́ ìsàlẹ̀ ara ọkọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ṣaṣí. Gbogbo ohun tí mo sọ fún bàbá Ìdànrè ló kàn yín, ṣùgbọ́n tiyín le jù, nítorí pé irin tí ẹ ń so nǹkan mọ́ fẹ́lẹ́ ju tirẹ̀ lọ. Ibi tí bóòtù bọ́ńpà ilé iṣẹ́ wà ní iwájú gan-an kò tó láti gba agbára wíǹṣì. Ẹ ṣe apá tó gùn padà sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ irin yẹn, kí ẹ sì tan agbára náà ká sórí bóòtù púpọ̀, kí ó má baà pọ̀ jọ sójú kan.

Ẹ fi ojú sí apá òsì dáadáa. Ibẹ̀ ni àpótí jíà stíárìn ti dì mọ́ irin náà, ibẹ̀ sì ni àwọn XJ tó ti rìn lójú ọ̀nà líle ti máa ń sán, kí wíǹṣì tó débẹ̀ rárá. Ẹ tú àpótí náà sílẹ̀ ná, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irin fọ ibẹ̀, kí ẹ sì tan iná sí i. Bí ẹ bá rí ìsán, ẹ tún un ṣe, kí ẹ jẹ́ kí apá bọ́ńpà tuntun dé ibi bóòtù stíárìn kí ó lè ran ibẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn máa ń jó irin tó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn mọ́ abẹ́ ọkọ̀ yìí kí ara rẹ̀ lè le. Iṣẹ́ tó dára ni, mo sì rò pé ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìjórin ní ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe é, àmọ́ kí ẹ fi iná kékeré jó o, ní kúkúrúkúkúrú, kí irin fẹ́lẹ́ náà má baà lu.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ okùn irin ara wíǹṣì mi kúrò, kí n fi okùn oníke sí i, pé kì í pànìyàn. Ṣé ó yẹ kí n ná owó yẹn? Ṣé bọ́ńpà tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ yóò gbà á? — Ọdẹ Ọ̀wọ̀.

Ìdáhùn: Bí agbára yín bá gbé e, ẹ ná an. Okùn irin tó ń fa ẹrù máa ń gùn díẹ̀, ó sì ń kó agbára náà pa mọ́ sínú ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá já, yóò tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohunkóhun tó bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ni yóò sì nà. Okùn oníke tí wọ́n ń fi Dyneema ṣe fúyẹ́, ó lè léfòó lójú omi, kì í sì í kó agbára púpọ̀ pa mọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀tá tirẹ̀ ni oòrùn, ooru, iyanrìn tó wọ àárín fọ́nrán rẹ̀, àti ohunkóhun tó mú.

Ọ̀rọ̀ ohun tó mú yìí ló kan bọ́ńpà yín. Ẹnu tí okùn irin ń gbà jáde sábà máa ń jẹ́ róólà mẹ́rin, okùn irin sì ti ha àwọn róólà náà ní ojú tó rí gbọ́nkọgbọ̀nkọ. Ẹ tú u kúrò, kí ẹ fi ẹnu alumíníọ̀mù tó dán sípò rẹ̀. Ihò méjì kan náà, tí mìlímítà 254 wà láàrin wọn, ni wọ́n jọ ń lò ní gbogbogbòò, bọ́ńpà kò sì nílò àtúnṣe púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ yín pa gbogbo etí irin tó yí ihò náà ká. Bí etí kan bá mú débi pé ó lè ha ọwọ́ yín, yóò gé okùn yín. Kí wọ́n fi fáìlì ha á títí yóò fi rọ̀.

Oríṣi okùn yòówù tí ẹ bá lò, ẹ má jẹ́ kí ó tán lórí àgbá: ẹ jẹ́ kí okùn irin ṣì yí àgbá po nígbà márùn-ún, mẹ́jọ sí mẹ́wàá fún oníke, torí pé ìyípo wọ̀nyẹn ló di okùn mú, kì í ṣe bóòtù kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ má fi ìkọ́ kọ́ okùn padà sára ara rẹ̀ yípo igi; ẹ lo bẹ́líìtì fífẹ̀ tó yẹ fún un, kí okùn má baà fọ́, kí èèpo igi má sì bó. Ẹ fi ọwọ́ ìbọ̀wọ́ aláwọ sọ́wọ́. Ẹ ju àpò tó wúwo tàbí kóòtù tó ti gbó sórí àárín okùn náà kí ó lè fà á lulẹ̀ bó bá já. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù lọ ni pé bí ọkọ̀ bá ti rì ní abúlé, gbogbo ọmọdé ni yóò pé jọ wá wòran, àwọn àgbàlagbà yóò sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn kí wọ́n lè máa pàṣẹ. Ẹ má fọwọ́ kan ohun ìtanná wíǹṣì títí gbogbo wọn yóò fi sún sẹ́yìn, kí àyè tó wà láàrin wọn àti okùn náà tó ìlọ́po kan àbọ̀ gígùn okùn tí ẹ nà.

Bí ẹ bá sì ti fi okùn tuntun sí i, ẹ fà á jáde títí yóò fi ku iye ìyípo tí mo dárúkọ, kí ẹ so ó mọ́ igi, kí ẹ jẹ́ kí wíǹṣì fa ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ tẹ́jú kí okùn lè wé le dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ dùbúlẹ̀ sí abẹ́ bọ́ńpà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tún bóòtù kọ̀ọ̀kan fún, kí ẹ sì wo ojú ibi tí wọ́n jó lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀dà bá ti sán ní ìlà tín-ínrín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjórin kan, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń rìn nìyẹn. Ẹ tú bọ́ńpà náà, kí wọ́n lọ ibẹ̀ kúrò dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì tún un jó kí ẹ tó fi fa ohunkóhun mìíràn.